Ìṣó Tí Kò Dun Bàbá Mi

Bí wọ́n bá ní kí n ya àwòrán bàbá mi lónìí, ẹsẹ̀ wọn ni n ó kọ́kọ́ yà, nítorí èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́. Nínú ilé wa ní Ẹgbẹ́dá, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí ẹ ò ní bá mi nídìí bàsíà búlúù kan lẹ́nu ilẹ̀kùn, pẹ̀lú kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Aláṣọ funfun ni wá. Nínú ìjọ wa, bí èèyàn bá ti gbé sùtánà wọ̀, bàtà di èèwọ̀ fún un nìyẹn, torí wọ́n ní ilẹ̀ mímọ́ ló ń tẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn máa ń ká sùtánà sínú báàgì, wọ́n á wọ bàtà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó pààrọ̀. Bàbá mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Inú yàrá ni wọ́n ti máa ń múra, wọ́n á di àmùrè, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán tẹ títì ọ̀dà láti àdúgbò wa dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ lásán padà. "Alàgbà, ẹ kú ìjọ́sìn o," báyìí ni àwọn èèyàn á máa kí wọn láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì máa juwọ́ dáhùn. N ò ní purọ́, ó máa ń wù mí láti rìn lẹ́yìn wọn.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni wọ́n fi bàbá mi jẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ìkẹjà ni wọ́n wà, ìdúró ni wọ́n sì fi ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa gbé bébà, wọ́n á máa sáré ká ìdí ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n di ọ̀gá, wọ́n fún wọn ní àga tó ń yí, tábìlì àti fáànù, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé wọn ní ìkóríta. Ilé wa dùn lọ́dún náà jàre. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ óò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lágbàálá, ẹ óò gbọ́ rédíò Ìyá Ṣadé tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, àti Màámi tí wọ́n ń kọrin nídìí sítóòfù. Màámi ní èèyàn kì í ti ipò ọmọ iṣẹ́ bọ́ sí ipò ọ̀gá kó tún máa jẹ oúnjẹ ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀bà bàbá mi wá ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí mi lójú bí mo bá ń gbé e lọ, mínírà tútù ò sì gbọdọ̀ wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbààwẹ̀, wọ́n sì máa ń gbà á gan-an, láìfi omi kan ẹnu títí oòrùn á fi wọ̀, oyin ni wọ́n fi ń ṣínu, àti tíì tí ṣúgà ti sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ìrèké tí wọ́n pín láti orí tábìlì èso ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ o, ìṣínu ni. Oúnjẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ikùn wọn yọ síta, àwọn èèyàn sì ń kí Màámi kú ìtọ́jú. Ìyá Ṣadé, tí ẹnu wọn kì í sinmi, ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ rọra o, kí ilẹ̀kùn má lọ kéré jù fún Alàgbà." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà fi ọwọ́ pa ikùn wọn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni òùngbẹ dé. Bàbá mi, tó jẹ́ pé kọ́ọ̀pù omi kan ń tó wọn lẹ́yìn oúnjẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jọ́ọ̀gì kọ́rí. Wọ́n á mu, wọ́n á tọ̀, wọ́n á tún mu. Màámi ní ooru ni. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ jù wọ́n lọ, Màámi ní ààwẹ̀ ni. Wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé, oorun á gbé wọn lọ lórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, Màámi ní ìṣọ́ òru ló fà á, ṣebí wọn kì í sùn tó. Kò sí ohun tí a ò rí orúkọ fún. Èmi ni mo ń gbá ẹ̀yìnkùlé, níbi tí bàbá mi máa ń tọ̀ sí nídìí ògiri bí èèyàn bá wà ní balùwẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá èèrà níbẹ̀, èèrà tó tò wá láti abẹ́ ògiri, tó ṣù bo ojú kan náà bí ìgbà tí ṣúgà dà sílẹ̀. Mo da omi lé wọn lórí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún wá. Ìyá Ṣadé ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n wo èèrà, wọ́n wò mí, ọwọ́ wọn sì dúró nínú ẹ̀wà. Opó ni Ìyá Ṣadé. Ọkọ wọn ti kú kí àwa tó kó dé ilé náà. Wọ́n dìde lọ bá Màámi. "Ìyá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Alàgbà lọ yẹ ìtọ̀ wò. Bí ti Bàbá Ṣadé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí, èèrà ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n pè é nígbẹ̀yìn." Màámi ń ro ọbẹ̀ wọn lọ títí Ìyá Ṣadé fi padà sídìí ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí Màámi ń kùn sínú ọbẹ̀ pé, "Ó fẹ́ kí n wá bá òun ṣe opó." Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò jọ ṣa ẹ̀wà mọ́. Èmi náà, bí mo bá ti mú ìgbálẹ̀ báyìí, ìdí ògiri náà ni mo máa kọ́kọ́ wò, mi ò sì mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù.

Wọ́n ń kan páànù ilé kan lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò náà. Ní Ìsinmi kan, a ti ìsìn dé, bàbá mi jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ sínú bàsíà, wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún Màámi bí àwọn akọrin ṣe ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún tán. Mo gbé ti òsì. Kànìnkànìn mi há mọ́ nǹkan kan, mo fà á, kò wá. Mo gbé ẹsẹ̀ náà sókè mo wò ó. Ìṣó páànù ni. Ó ti wọlé pátápátá, orí rẹ̀ fífẹ̀ nìkan ló ń dán nísàlẹ̀ ọmọ ìka tó kẹ́yìn. Mo gbójú sókè wo bàbá mi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Mo ní, "Bàbá, kò dùn yín ni?" Wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, "Kí ni kò dùn mí, Àbẹ̀kẹ́?" Mo fi èékánná di orí ìṣó mú, mo fà á, ó ń jáde díẹ̀díẹ̀, gígùn rẹ̀ ò sì tán bọ̀rọ̀, bàbá mi sì ń bá ìtàn akọrin wọn lọ. Ìgbà tí omi pọ́n ni Màámi tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bímọ, mo ti sìnkú, n kò tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó ojú bàbá mi lọ́jọ́ náà, tó fara balẹ̀, tí kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe ẹsẹ̀ òun.

Ohun tó tẹ̀ lé e, àfi ẹni tó bá mọ irú èèyàn tí a jẹ́ ló lè gbà á gbọ́. Bàbá mi gbé ìṣó náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó títí, ojú wọn sì tàn. Ní Ìsinmi kejì wọ́n fi aṣọ funfun wé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dìde jẹ́rìí. "Ará, ìṣó yìí wọ̀ mí lẹ́sẹ̀ tán pátá, mo fi rìn délé, n ò mọ̀ ọ́n lára. Olúwa ti gba oró rẹ̀." Gbogbo ìjọ dìde. Wọ́n ń gbé ìṣó náà kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn kan fi kan iwájú orí ọmọ wọn. Èmi náà pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, torí èmi ni mo fà á jáde, mo sì mọ bó ṣe jìn tó. Wòlíì wa, àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, kàn ní kí Alàgbà ṣáà tọ́jú ojú egbò náà, àmọ́ orin ti bo ohùn wọn. N kò lè fi àwọn èèyàn yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Ẹni tí nǹkan kan ò dùn, ta ni yóò pè é ní aláìsàn? Nílé tiwa, ẹni tó bá ń ké là ń gbé omi gbígbóná fún, ẹni tí kò bá ké, ara rẹ̀ le nìyẹn.

Egbò náà kéré, kò sì jinná. Màámi da omi àdúrà sí i, wọ́n fi oyin sí i, wọ́n fi òróró sí i, bàbá mi sì ń fi í tẹ ọ̀dà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ìṣe wọn. Etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ọmọ ìka tó kẹ́yìn náà wú, ó wá ń dán. Nígbà tí òórùn kọ́kọ́ dé, mo rò pé eku ló kú sábẹ́ àpótí aṣọ, mo tilẹ̀ fi ìgbálẹ̀ wá a. Màámi ń fọ́n lọ́fíńdà sí yàrá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó béèrè ìdí rẹ̀. Mo ń fọ ẹsẹ̀ náà, mo ń sé èémí, mi ò fẹ́ kí bàbá mi rí i pé mò ń sé e. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù tí èèyàn ń sá fún, torí inú yàrá kan náà la jọ ń sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ibà gbé bàbá mi dálẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń pe ìyá wọn tó ti kú. Màámi dìde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín yàrá wa àti ti Ìyá Ṣadé kò fẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe jìn fún Màámi lọ́jọ́ náà. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ má bínú." Ìyá Ṣadé ti ń wá gèlè wọn. "Inú ta ló ń bí? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ mú aṣọ kan fún wọn, mo mọ ọ̀nà ọsibítù."

Obìnrin ni dókítà tó gbà wá, kò dàgbà tó Màámi. Ó gún bàbá mi níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo bàbá mi, ó ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe fi ẹsẹ̀ yín rìn wọlé?" Ó wá ń béèrè ọ̀rọ̀ tó dà bí ẹjọ́ létí mi. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Ìjókòó ni àbí ìdúró? Kí ni wọ́n ń jẹ, báwo ló ṣe ń pọ̀ tó? Ṣé wọ́n ń sùn? Màámi ń dáhùn, ohùn wọn ń lọ sílẹ̀ bí ìbéèrè ti ń pọ̀. Dókítà ní, "Ta ló ti ní irú rẹ̀ rí nínú ẹbí yín?" Bàbá mi ní kò sí. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi ní, "Ìyá mi, ẹsẹ̀ ló pa wọ́n. Wọ́n ní wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé oògùn ọ̀tá." Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ṣé egbò ni?" "Egbò ni." "Ṣé ó jinná?" "Kò jinná." "Ṣé òùngbẹ máa ń gbẹ wọ́n, Bàbá?" Bàbá mi yíjú sí ògiri. Nítorí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà yẹn ni ẹ̀tẹ́ ṣe bá gbogbo ẹbí wa, wọ́n ní arábìnrin Ìyá Àgbà kan ló fi oògùn náà sílẹ̀ dè wọ́n, obìnrin náà sì kú sínú orúkọ àjẹ́ tí wọ́n fún un.

Màámi ló béèrè ohun tó ń fa àìsàn náà. Dókítà ní oúnjẹ tí a bá jẹ máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, pé nǹkan kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní ìnsúlínì, òun ló ń kan ilẹ̀kùn fún ṣúgà kí ara lè ṣí, kí ṣúgà wọlé di okun. "Bí ọ̀rá bá kún inú ikùn, bí èèyàn bá ń jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bí kò bá ń sùn, bí oúnjẹ àti ohun dídùn bá pọ̀ jù, ara kì í fẹ́ gbọ́ kíkàn yẹn mọ́. Ìnsúlínì á kàn án, á kàn án, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ṣúgà á wá dúró síta nínú ẹ̀jẹ̀, á máa ba iṣan jẹ́. Òun ló pa iṣan ẹsẹ̀ Bàbá tí wọn ò fi mọ ìṣó lára." Màámi ní, "Ṣé oúnjẹ mi ló fà á ni, dókítà?" Dókítà ní, "Màmá, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé nǹkan kan ṣoṣo ló fà á. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, ó wà nínú àga ọ̀gá, ó wà nínú abọ́. Wọ́n máa ń para pọ̀ ni." Màámi bo ojú wọn pẹ̀lú ìborùn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àwa ń wo ojú Ìyá Ṣadé, àwa ń wo ojú ọ̀tá. Èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ ìdílé tí dókítà wí ni mo gbọ́. Mo wo ọwọ́ mi, mo wo iṣan tó hàn lábẹ́ awọ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi.

Wọ́n gé ọmọ ìka náà. Dókítà ní Ọlọ́run bá wọn ṣe é, pé bí egbò mìíràn bá tún wọ ẹsẹ̀ yẹn, odindi ẹsẹ̀ ló máa lọ, tí kò bá mú ẹ̀mí dání. Ó ní bàbá mi kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ mọ́, ì báà ṣe láti yàrá dé balùwẹ̀. Nílé, oyin kúrò lórí tábìlì, mínírà kúrò, ẹ̀bà wálẹ̀, ẹ̀fọ́ gòkè, bàbá mi sì ń fẹsẹ̀ rìn yí àdúgbò ká nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú sálúbàtà. A rò pé ó ti tán. Ní Ìsinmi ìdúpẹ́, mo jí bá wọn nínú yàrá, wọ́n ti gbé sùtánà wọ̀, wọ́n ń di àmùrè. Màámi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú sálúbàtà lọ́wọ́. "Bàbá Bọ́lá, ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ." Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Ìyá Bọ́lá, ẹsẹ̀ yìí ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mí mọ́. Ṣé kí n wá máa yọ́ lọ sílé Ọlọ́run bí olè ni?" Màámi ní, "Ẹsẹ̀ wo? Èyí tí wọ́n fẹ́ gé?" Bàbá mi kò bínú, èyí ló tún bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n rọra gba ẹ̀gbẹ́ Màámi kọjá, wọ́n ní kí n bá wọn gbé omi kaná de ìgbà tí àwọn bá dé.

Bàsíà wà lọ́wọ́ mi. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi, ọmọ tó bá dá bàbá rẹ̀ lóhùn bẹ́ẹ̀ nílé wa, etí rẹ̀ á gbóná. Mo ní, "Bàbá, n ò lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀rù ẹsẹ̀ yín ń bà mí." Wọ́n dúró. Mo ti ń sunkún. Mo ní, "Bí mo bá tún rí nǹkan níbẹ̀, tí kò dùn yín, kí ni kí n ṣe?" Wọ́n wò mí, wọ́n wo bàsíà, wọ́n sì jókòó sórí àga bí ẹni tí wọ́n tì lulẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ń bà ọ́ lẹ́rù, Àbẹ̀kẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní, "Ó ń ba èmi náà lẹ́rù." Wọ́n tú àmùrè, wọ́n bọ́ sùtánà, wọ́n ká a sínú báàgì, wọ́n sì na ẹsẹ̀ kí Màámi wọ sálúbàtà fún wọn. A jọ gba ojú títì lọ. Kò sí ẹni tó kí Alàgbà láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, wọn ò dá wọn mọ̀ nínú bùbá àti ṣòkòtò. Mo rí i lójú wọn pé ó dùn wọ́n. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ ogbó fi dé, nígbà tí a sì sin wọ́n, ẹsẹ̀ méjèèjì ló bá wọn lọ.

Ìgàndó ni mò ń gbé báyìí. Ìránṣọ ni mo fi tọ́mọ, ìjókòó sì ni ìránṣọ. Dókítà tèmi ní n kò tíì ní àtọ̀gbẹ, àmọ́ ara mi ti ń dití díẹ̀díẹ̀ sí kíkàn ilẹ̀kùn yẹn. Mo ń rìn, mo dín oúnjẹ kù, mo ń sùn nígbà tí oorun bá gbà. Lójoojúmọ́, kí n tó wọ sálúbàtà, mo máa ń fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo máa fi gún àtẹ́lẹsẹ̀ mi, láti gìgísẹ̀ dé orí ìka. Ọmọbìnrin mi ní mo ti ń ṣarán. Láàárọ̀ yìí, gbogbo ìka dáhùn, ó ku ọmọ ìka òsì tó kẹ́yìn. Mo gún un, mo dúró. Mo tún gún un, mo tẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ló tó ta mí dé ọpọlọ, omi sì bọ́ lójú mi. Ọmọ mi sáré wọlé, ó ní, "Màámi, kí ló dé? Kí lẹ̀ ń sunkún fún?" Mo di ẹsẹ̀ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ní, "Ó ń dùn mí, ọmọ mi. Ó ṣì ń dùn mí."